Kí Ló Wà Nínú Ìpara Yín? Àgbéyẹ̀wò Ohun Tí À Ń Fi Pa Ara

Ọ̀rọ̀ kan ló gbòde láàárín àwọn tó ń ta ìpara lónìí: ọ́gáníìkì. Ẹ dé Ìdúmọ̀tà l'Ékòó, ẹ dé Dùgbẹ̀ n'Íbàdàn, ẹ yẹ ìpolówó àwọn ọlọ́jà orí WhatsApp àti Instagram wò, agbára káká lẹ fi máa rí ìpara tí wọn kò ní pè ní ọ́gáníìkì. Wọ́n á ní ewé àti egbò ló wà nínú rẹ̀, òrí àti oyin, àdín àgbọn àti atalẹ̀ pupa. Wọ́n á ní kò sí kẹ́míkà kankan níbẹ̀, kódà ọmọ ọwọ́ lè lò ó. Síbẹ̀, oṣù kan kì í pé tí àwọ̀ ẹni tó rà á á fi yí padà pátápátá. Òrí kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Oyin kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ìpara tó bá sọ aláwọ̀ dúdú di pupa láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ohun kan wà nínú rẹ̀ tí ẹni tó tà á kò dárúkọ.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ ká yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò látòkèdélẹ̀: àwọn èròjà tó léwu jù, ohun àbáláyé tí a jogún, èyí tó dára níbẹ̀ àti èyí tí kò dára, àwọn èròjà tí wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́ ju bó ti yẹ lọ, àti ọ̀nà tí èèyàn lè gbà yan ohun tí yóò fi pa ara. Èrò tèmi ni pé ìbéèrè tí a máa ń kọ́kọ́ bi kọ́ ló yẹ ká kọ́kọ́ bi. A máa ń béèrè pé, "Ṣé ewé àti igi ni wọ́n fi ṣe é?" Ohun tó yẹ ká máa bi ni: kí ló wà nínú rẹ̀, ta ló ṣe é, ibo la sì ti lè rí onítọ̀hún mú bí ó bá ba wá lára jẹ́?

Àwọn mẹ́ta tó ń bó ara

Àwọ̀ dúdú kì í ṣe èérí. Inú awọ ara ló ti wá, láti ara èròjà kan tí wọ́n ń pè ní melanin, tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe láti fi dáàbò bo ara rẹ̀ lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn. Iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ìpara abóra ń ṣe ni pé wọ́n ń dí ara lọ́wọ́ kó má baà ṣe melanin tó bó ti yẹ. Èròjà mẹ́ta ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn: mẹ́kúrì, hydroquinone, àti àwọn oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid, pàápàá jù lọ clobetasol.

Mẹ́kúrì ló burú jù. Májèlé ni, kò sì sí bí a ṣe lè fi ojú tàbí imú mọ̀ ọ́n nínú ìpara. Gẹ́gẹ́ bí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti kọ ọ́, ọṣẹ abóra tó ní mẹ́kúrì máa ń ní ìwọ̀n bí ìdá 1 sí 3 nínú ọgọ́rùn-ún, ìpara sì máa ń ní ìdá 1 sí 10. Ó ń gba ojú awọ wọ inú ẹ̀jẹ̀, kíndìnrín ló sì máa ń dojú ìjà kọ jù. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti àná. Ní 1972, àwọn dókítà kan ní Nairobi, lórílẹ̀-èdè Kenya, tẹ ìwádìí jáde nípa àwọn aláìsàn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó wà lára àwọn aláìsàn náà ló ń lo ìpara abóra tó ní mẹ́kúrì. Yàtọ̀ sí kíndìnrín, ó ń ba iṣan àti ọpọlọ jà: ọwọ́ á máa gbọ̀n, oorun á dá lójú ẹni, ìgbàgbé á máa ṣe é. Ewu náà kò sì mọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń pa á. Aṣọ ìnura, ìrọ̀rí, àti ọwọ́ tí ìyá fi ń gbé ọmọ lè kó o ran gbogbo ará ilé.

Ní 2019, ní Sacramento, ní ìpínlẹ̀ California lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, obìnrin kan lo ìpara tí wọ́n kó wá láti òkèèrè. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ tí kò já gaara, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, lẹ́yìn náà kò mọ ara rẹ̀ mọ́ rárá. Mẹ́kúrì tó burú jù lọ nínú irú rẹ̀ ni wọ́n bá nínú ìpara náà. Ohun tó yẹ ká mú níbẹ̀ ni pé inú ike ìpara tí gbogbo ayé mọ̀ ni wọ́n ti bá a. Ẹnìkan ti po májèlé mọ́ ọn lẹ́yìn tó ti kúrò nílé iṣẹ́ tó ṣe é. Orúkọ ńlá tó wà lára ike nìkan kò tó ẹ̀rí.

Ayé ti ṣòfin lórí rẹ̀. Àdéhùn kan wà tí wọ́n ń pè ní Minamata, tí wọ́n fi orúkọ ìlú kan ní Japan sọ. Ilé iṣẹ́ kan níbẹ̀ ń da mẹ́kúrì sínú òkun, àwọn èèyàn ń jẹ ẹja inú rẹ̀, àìsàn sì hàn lára wọn láti 1956. Àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn náà ní 2013, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ní kí ohun ìpara tí mẹ́kúrì inú rẹ̀ bá ju ìdá kan nínú mílíọ̀nù lọ kúrò lọ́jà ní 2020. Ìpàdé tí wọ́n ṣe ní Geneva ní 2023 wá mú àlàfo yẹn kúrò: ohun ìpara tí wọ́n bá ti fi mẹ́kúrì sí, ì báà kéré, kò gbọdọ̀ jáde láti 2025. Nàìjíríà wà lára àwọn tó tọwọ́ bọ̀wé. Ọjà ni òfin náà kò tíì dé tán.

Hydroquinone tẹ̀ lé e. Èròjà yìí kan náà ni àwọn ayàwòrán ń lò láyé ìjọ́un láti fi fọ fọ́tò dúdú àti funfun. Dókítà awọ ara lè fi díẹ̀ nínú rẹ̀ tọ́jú àbàwọ́n ojú, fún ìgbà díẹ̀, lábẹ́ àbójútó. Bí èèyàn bá wá ń pa á káàkiri ara fún ọdún gbọọrọ, ohun tó ń sá fún ló máa bá pàdé: ojú á dúdú bí aró, ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti lábẹ́ ojú, á máa le gbágungbàgun, kò sì ní í fẹ́ lọ mọ́. Dókítà ní South Africa ló kọ́kọ́ ṣàlàyé àrùn yìí ní 1975, lára àwọn obìnrin tó ń lo ìpara abóra. Ẹni tó bá rí i lójú ara rẹ̀ á rò pé ìpara tí òun ń lò kò lágbára tó, á fi kún un, á sì máa dúdú sí i. South Africa fòfin dè é nínú ìpara ní 1990, àjọ EU ní 2001, Ghana ní 2016. Amẹ́ríkà mú un kúrò lórí àtẹ ní 2020, àfi ẹni tí dókítà bá kọ ọ́ fún.

Ẹlẹ́ẹ̀kẹta ni clobetasol, ó sì tàn kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa nítorí pé owó pọ́ọ́kú ni wọ́n ń tà á nínú túùbù kékeré. Oògùn gidi ni, ọ̀kan nínú àwọn tó lágbára jù nínú steroid tí a ń pa sí ara. Dókítà máa ń kọ ọ́ fún àrùn awọ tó le, kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kì í sì ju gíráàmù 50 lọ lọ́sẹ̀ kan. Àwọn tó ń po ìpara a máa fún túùbù bíi mélòó kan sínú ike ńlá kan, wọ́n á ní kí oníbàárà máa fi pa gbogbo ara láàárọ̀ àti lálẹ́, lọ́dún dé ọdún. Awọ ara á fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà, iṣan á máa hàn lábẹ́ rẹ̀, ara á sán ní itan àti apá, ìrorẹ́ á bo ojú. Làpálàpá tí ìbá tètè san á fara sin, á sì ràn. Ojú ọgbẹ́ kì í tètè jiná, ìyẹn sì ni ìbẹ̀rù àwọn oníṣẹ́ abẹ bí aboyún tó ti bóra bá dé ọ̀dọ̀ wọn. Bí oògùn náà bá wọ inú ẹ̀jẹ̀ tó, ìfúnpá lè ga, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lè lọ sókè.

Nítorí ìdí yìí, mo bẹ ẹni tó ti ń lo irú ìpara bẹ́ẹ̀ tipẹ́: ẹ má ṣe dá a dúró lójijì láìsọ fún dókítà. Ara tó ti mọ́ ọn lára lè máa jó, kó pọ́n, kó sì máa yún. Nígbà míì, èròjà irú rẹ̀ tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe lè ti lọ sílẹ̀. Ọ̀dọ̀ dókítà awọ ara ni kí ẹ lọ, kí ẹ mú ike ìpara náà dání, kí ẹ sì sọ òótọ́. Ẹ sọ ọ́ bákan náà bí wọ́n bá fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ fún yín.

Báwo ni ọ̀rọ̀ náà ti pọ̀ tó? Iye tí WHO ń sọ ni pé obìnrin 77 nínú ọgọ́rùn-ún ní Nàìjíríà àti 59 nínú ọgọ́rùn-ún ní Togo ló ń lo ohun tó ń bó ara. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe láàárín àwọn ọlọ́jà ní Èkó, tó jáde ní 2002, rí iye tó sún mọ́ ti Nàìjíríà yìí. Ọlọ́jà Èkó kọ́ ni gbogbo obìnrin Nàìjíríà, nítorí náà n kò ní fi iye yìí búra. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá lójú mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá kékeré. Fẹlá Aníkúlápó Kútì ti kọ orin "Yellow Fever" lé e lórí ní 1976. Ní 2023, olórí NAFDAC nígbà náà, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mojísọ́lá Adéyẹyè, pè é ní pàjáwìrì. Òkè òkun kò sì yọ sílẹ̀. Ní Peckham, ní gúúsù London, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí, ìjọba ìbílẹ̀ Southwark ti gbé àwọn oníṣọ́ọ̀bù lọ sílé ẹjọ́ nítorí ìpara abóra tí òfin kò gbà.

Àbáláyé tó léwu

Àwọn kan á ní, "Kí a kúkú padà sí ti àwọn baba ńlá wa." Ọ̀rọ̀ yẹn dùn, ṣùgbọ́n kò pé. Mẹ́kúrì fúnra rẹ̀, inú ilẹ̀ ni wọ́n ti ń wà á. Ohun tó bá ti inú ayé Ọlọ́run wá lè jẹ́ oúnjẹ, ó sì lè jẹ́ májèlé.

Ẹ jẹ́ ká fi tìróò ṣe àpẹẹrẹ. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú wa. Wọ́n ń lé e sójú obìnrin fún ẹwà, wọ́n sì ń lé e sójú ọmọ ọwọ́ kí ojú lè mọ́ kedere. Òkúta ni wọ́n ń lọ̀ kúnná ṣe ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀, òjé sì ni olórí ohun tó wà nínú òkúta náà. Ní 2011, ní Boston lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ọmọ oṣù mẹ́fà kan tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà wò, wọ́n sì bá òjé nínú rẹ̀. Wọ́n wá ibi tó ti wá nínú ilé títí, tìróò ni wọ́n kàn. Nígbà tí wọ́n yẹ tìróò náà wò, òjé kó ìdá 82.6 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. CDC, àjọ tó ń dènà àrùn nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ló tẹ ìròyìn náà jáde ní 2012. Òjé ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́, kì í jẹ́ kó lè kọ́ ẹ̀kọ́ bó ti yẹ, àwọn onímọ̀ ìlera sì ti fẹnu kò pé kò sí ìwọ̀n rẹ̀ tó dára fún ọmọ. Ìyá tó lé tìróò sójú ọmọ rẹ̀, ìfẹ́ ló mú un ṣe é. Ìfẹ́ kan náà ló yẹ kó jẹ́ ká pa àṣà yẹn tì.

Làálì náà ń fẹ́ àkíyèsí. Ewé làálì gidi máa ń mú ara pọ́n tàbí kó dà bí àwọ̀ ilẹ̀. Èyí tó bá dúdú kirikiri láàárín wákàtí kan, wọ́n sábà máa ń fi èròjà aró irun kan tó ń jẹ́ PPD sí i, èròjà yìí sì lè jó awọ ara títí á fi lé ìléròrò, tí àpá rẹ̀ kì í lọ bọ̀rọ̀. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí àwọn kan ń fi pa ojú náà kò sàn jù: bí oòrùn bá pa ojú tí omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà lára rẹ̀, awọ ibẹ̀ lè jó, kó sì dúdú fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Àbáláyé tó ṣeé gbára lé

Oògùn tí a kò fowó ṣe, ẹ̀yìn ààrò ní í gbé. Ohun tí ojú wa ti rí òrí nìyẹn. A sọ ọ́ di ohun tí a fi ń pa ẹsẹ̀ arúgbó àti àyà ọmọ tí òtútù mú, nígbà tí àwọn ilé iṣẹ́ ilẹ̀ Faransé ń fi ṣe ìpara olówó iyebíye.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ṣakí, ní Kíṣí, àti ní ìlú púpọ̀ ní ìpínlẹ̀ Kwara àti Niger. Obìnrin ló ni iṣẹ́ náà. Wọ́n á ṣa èso tó bá já bọ́ lábẹ́ igi nígbà òjò, wọ́n á bọ ara rẹ̀, wọ́n á se kóró rẹ̀, wọ́n á sá a gbẹ. Wọ́n á pa á, wọ́n á yan ọmọ inú rẹ̀, wọ́n á lọ̀ ọ́. Wọ́n á wá da omi sí i, wọ́n á máa fi ọwọ́ pò ó, wọ́n á máa fi ọwọ́ lù ú, títí ọ̀rá funfun á fi léfòó. Ọ̀rá yẹn ni wọ́n ń kó sórí iná títí omi inú rẹ̀ á fi gbẹ tán, tí á sì dì. Igi tó so èso náà ti lè lo ogún ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í so dáadáa. Ní oṣù kẹjọ 2025, ìjọba Nàìjíríà dá títa èso òrí tútù sókè òkun dúró fún oṣù mẹ́fà, wọ́n sì ṣàlàyé pé Nàìjíríà ń pèsè nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún òrí àgbáyé ṣùgbọ́n ìdá kan péré ló ń rí gbà nínú owó rẹ̀.

Kí ni òrí ń ṣe fún ara? Ọ̀rá rẹ̀ ń bo ojú awọ, kì í jẹ́ kí omi inú ara tètè gbẹ, ìyẹn ló fi dára fún ara gbígbẹ nígbà ọyẹ́. Òrí gidi máa ń funfun tàbí kó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó sì máa ń rùn èéfín díẹ̀. Èyí tó bá pọ́n bí ẹyin, wọ́n ti po nǹkan mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kì í sọ ara di pupa, kì í sì í dènà oòrùn tó bí ìpara tí wọ́n dìídì ṣe fún ìyẹn. Àfín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi òrí dípò ìpara oòrùn, fìlà àti aṣọ alápá gígùn.

Ọṣẹ dúdú náà níyì. Eérú èèpo kókó, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti ohun ọ̀pẹ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á sẹ́ omi eérú náà, wọ́n á sè é pọ̀ mọ́ àdín tàbí epo pupa títí á fi di ọṣẹ. Ìyì rẹ̀ kọjá òkun. Ní Brazil, àwọn ẹlẹ́sìn Candomblé ń pè é ní sabão da costa, wọ́n sì ṣì ń fi wẹ̀. Ó ń fọ ìdọ̀tí àti òógùn dáadáa. Ṣùgbọ́n omi eérú ló bí i, ó sì le ju ohun tí awọ ara fẹ́ lọ. Awọ ara fẹ́ kíkan díẹ̀, nǹkan bíi 5 lórí òṣùwọ̀n pH, ọṣẹ dúdú sì sábà máa ń tó 9 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ara rẹ̀ gbẹ, tàbí tó lárùn awọ, kó má fi í wẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó má sì jẹ́ kó pẹ́ lójú. Bí ó bá ń ta yín, omi eérú rẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ ṣàn án kúrò kíá, kí ẹ sì fi òrí pa ara kí omi tó gbẹ.

Àdín àgbọn náà ti yege nínú ìdánwò. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Philippines, tó jáde ní 2014, fi ọmọdé 117 tó ní àrùn awọ tó ń yún tí ń gbẹ ṣe àyẹ̀wò fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Àwọn tí wọ́n fi àdín àgbọn pa lára sàn ju àwọn tí wọ́n fi epo alùmọ́ọ́nì pa lára lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìrorẹ́ máa ń yọ lójú, kó jẹ́ kí àdín àgbọn mọ sí ẹsẹ̀ àti ọwọ́, nítorí ó lè dí ihò awọ ojú. Ní ti osùn, ẹwà ìyàwó àti ìkókó ni, kò bó ara, bí kò bá ṣáà ti ní àdàlù.

Àwọn tí wọ́n ń bà lórúkọ jẹ́

Ìbẹ̀rù àwọn èròjà kan ti pọ̀ ju ewu wọn lọ. Fasilíìnì ni mo kọ́kọ́ fẹ́ gbà sílẹ̀. Robert Chesebrough gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ ní 1872. Ara epo rọ̀bì ló ti wá, kì í ṣe ewé. Síbẹ̀, èyí tí wọ́n bá sẹ́ dáadáa kì í ba awọ jà, ó sì wà lára ohun tó ń tọ́jú ara gbígbẹ jù lọ. Ẹni tó ń fi fasilíìnì pa ọmọ kò ṣẹ̀.

Paraben tẹ̀ lé e. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti má jẹ́ kí kòkòrò àrùn hù nínú ìpara. Àjọ EU yẹ gbogbo irú rẹ̀ wò, wọ́n fòfin de márùn-ún ní 2014, wọ́n sì gba àwọn tó kù láyè ní ìwọ̀n díẹ̀. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń po aloe vera àti omi òdòdó nílé, tí wọ́n ń fi àìsí paraben polówó ọjà. Ohunkóhun tó bá ní omi nínú, tí kò sí ohun tó ń dáàbò bò ó, kòkòrò á hù nínú rẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀, kódà bí ojú kò bá rí i. Irú èyí, inú fíríìjì ni kó máa gbé, kó má sì pẹ́ níbẹ̀. Òrí àti àdín kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí omi nínú wọn.

Àmọ́ òórùn dídùn ló yẹ kó máa bà wá lẹ́rù ju bó ṣe ń bà wá lọ. Òun ló wà lára ohun tó máa ń mú ara yún jù lọ, ì báà jẹ́ ti ilé iṣẹ́, ì báà jẹ́ òróró tí wọ́n fún láti ara òdòdó. Pọ́dà ọmọ náà wà lára ohun tó yẹ ká ṣọ́ra fún. Ilé iṣẹ́ Johnson & Johnson dáwọ́ títa pọ́dà ọmọ tó ní talc dúró ní Amẹ́ríkà àti Kánádà ní 2020, àti káríayé ní 2023. Ní 2024, ẹ̀ka WHO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ka talc mọ́ ohun tó ṣeé ṣe kó máa fa jẹjẹrẹ. Ọmọ tí wọ́n wẹ̀, tí wọ́n nù gbẹ, kò nílò pọ́dà lọ́rùn.

Bí a ṣe ń ka ara ike

Ẹ mú ike ìpara kan lọ́wọ́, kí ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ síta. Iwájú ni ìpolówó, ẹ̀yìn ni òótọ́ sábà máa ń wà. Ibi tí wọ́n to èròjà sí ni kí ẹ wò. Òfin ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni pé èyí tó pọ̀ jù ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ, àyàfi àwọn tí kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, tí wọ́n lè tò bó bá ṣe wù wọ́n. Aqua, tí í ṣe omi, ló sábà máa ń ṣíwájú. Orúkọ òrí níbẹ̀ ni Butyrospermum parkii, ti àgbọn ni Cocos nucifera. Bí wọ́n bá ya àwòrán òrí gàgàrà síwájú, tí orúkọ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn parfum, tí í ṣe òórùn dídùn, nísàlẹ̀ pátápátá, ẹ mọ̀ pé bíńtín ni òrí tó wà níbẹ̀. Owó àwòrán lẹ san.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá orúkọ àwọn ọ̀tá: mercury, mercuric, mercurous chloride, calomel, ammoniated mercury, mercurio, hydroquinone, clobetasol, betamethasone, fluocinonide. Bí ẹ bá rí ọ̀kan, ẹ dá a padà. Àmì mìíràn tún wà: ìpara tó bá kìlọ̀ pé kó má kan wúrà, fàdákà, rọ́bà tàbí álúmíníọ̀mù, ó ṣeé ṣe kí mẹ́kúrì wà nínú rẹ̀, WHO gan-an ló ní ká ṣọ́ irú rẹ̀. Ẹ wo orúkọ àti àdírẹ́sì ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ọjọ́ tí yóò bàjẹ́, àti àwòrán ike kékeré tó ṣí, tí 6M tàbí 12M wà nínú rẹ̀. Iye oṣù tó lè pẹ́ lẹ́yìn tí a bá ṣí i nìyẹn. Nọ́ńbà NAFDAC nìkan kò tó, nítorí ó ṣeé jí lò. Ẹ wá a nínú àkọsílẹ̀ NAFDAC lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sì rí i pé orúkọ ọjà tó wà níbẹ̀ bá èyí tó wà lọ́wọ́ yín mu.

Bí gbogbo èyí bá yọrí, ẹ ṣì kọ́kọ́ dán an wò. Ẹ fi díẹ̀ pa ìgbọ̀nwọ́ níbi tó ń ká, lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́, fún ọjọ́ méje sí mẹ́wàá. Bí kò bá yún, tí kò sì pọ́n, ẹ lè fi pa ojú. Ní ti ìpara tí wọ́n pò sínú ike aláìlórúkọ, tí wọ́n lẹ ìwé "half-caste" tàbí "glow" mọ́, kò sí ìdánwò tí ẹ lè ṣe nílé tó máa sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀. Abẹ́rẹ́ glutathione tí wọ́n ń gún fún ara pupa, ẹ sá fún un pẹ̀lú.

Ìdájọ́

Ohun tí awọ ara ń fẹ́ kò pọ̀: omi àti ọṣẹ tí kò le jù, ọ̀rá tí yóò bo ojú rẹ̀ nígbà tó bá gbẹ, àti ààbò lọ́wọ́ oòrùn ọ̀sán. Òrí àti àdín lè ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ lówó pọ́ọ́kú. Fasilíìnì náà lè ṣe é. Ohun tó bá ju èyí lọ, bí àrùn awọ, ìrorẹ́ tó le tàbí àbàwọ́n ojú, ti dókítà awọ ara ni, kì í ṣe ti alátẹ.

Ẹ̀bẹ̀ mi wá sọ́dọ̀ àwọn ìyá, nítorí ọwọ́ wọn ni ọmọ ti ń kọ́kọ́ mọ ìpara. Ẹ má ṣe fi ohun abóra pa ọmọ yín. Ẹ má lé tìróò sí i lójú. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọmọbìnrin yín pé ó dúdú jù. Ẹni tí kò bá lè sọ gbogbo ohun tó wà nínú ìpara tó ń tà, kò yẹ kó rí kọ́bọ̀ gbà lọ́wọ́ wa.